Wáyà Tí Bàbá Mi Kò Jẹ́ Kí A Fà

Ọkọ̀ bàbá mi kì í kú síbi tó dára. Mo ti rò ó dáadáa, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí lásán, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Bó bá máa kú, á ní sùúrù títí a ó fi bọ́ sáàárín tírélà méjì lọ́nà Tin Can, tí àwọn méjèèjì ru kọ̀ǹténà, tí kò sì sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Ibẹ̀ ni yóò ti fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín, yóò sì dákẹ́. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti wà lórí ìlà láti àná, tí wọ́n ti fọ aṣọ tí wọ́n sì sá a sára kọ̀ǹténà, á wá rántí lójijì pé àwọn ń kánjú, wọ́n á sì máa fọn fèrè sí mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbé mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, mo ti sin ìjọba tán, mo sì ti jókòó sílé wa ní Ajégúnlẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Apapa, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí ìwé mi ni wọ́n ṣe gbà mí. Wọ́n gbà mí nítorí mo sọ pé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé ìwé ẹrù láti ọ́fíìsì lọ sẹ́nu géètì, kí n sì gbé èyí tí wọ́n bá ti lù ní òǹtẹ̀ padà. Bàbá mi ló ni ọkọ̀, ó sì yá mi tinútinú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹrù rírù ní Kirikiri Lighter Terminal, kò fi bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dá mi dúró léraléra, ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ràn bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tó bá pẹ́ dé géètì, oníbàárà ló ń jìyà rẹ̀. Ó ní bí mo bá gbé ọkọ̀ tó ń rìn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ń bẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n jókòó sílé, òun á wá ẹlòmíràn tó ní ọ̀kadà. Ó rọra sọ ọ́ ni. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá rọrùn fún mi, nítorí mo mọ bí a ṣe ń bínú padà sí ariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni n kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Mo gbé e délé, mo gbé e sùn, mo sì tún bá a nínú mi nígbà tí mo jí.

Kì í ṣe pé a kò tíì wá nǹkan ṣe. Mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bó bá ti délé rẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Mẹkáníìkì á wò mí bí ẹni tó ń purọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá èmi gan-an ni mo ń ṣe ọkọ̀ náà ní nǹkan, bóyá àyà mi tó ń já ló ń ràn án, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo rò ó lóòótọ́. Nígbà tó sú mẹkáníìkì, ó yọ pọ́ǹpù epo, ó fi tókunbọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi kó sínú kòtò àkọ́kọ́ lójú títì Apapa.

Ohun kan ni mo ti kọ́ nínú gbogbo wàhálà náà. Bí ènìyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, tí kò tíì ta ẹ́ńjìnnì jí, ó yẹ kí pọ́ǹpù epo tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kùn wùùn fún ìgbà díẹ̀, kó sì dákẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń yí kọ́kọ́rọ́ tí mo á sì tẹ́tí, n kì í sì í gbọ́ nǹkan kan títí di ìgbà tó bá wù ú láti jí. Pọ́ǹpù tuntun náà kò kùn. Nítorí náà, ó dà bíi pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ríwáyà ni a ń pe àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, èyí sì ní ìsọ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù kan, kò jìnnà sílé wa. Bàbá mi ní òun á bá mi lọ. Kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni láìsí òun níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà máa ń wú mi lórí, kí n má tan yín. Láràárọ̀, kí n tó gbé e jáde, á kọ́kọ́ lọ jókòó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á tẹrí ba díẹ̀. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, á tún jáde lọ, á ní òun fẹ́ wò ó bóyá mo ti gbogbo fèrèsé. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó, omi á sì fẹ́ máa lé sí mi lójú. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún mi.

Bí a ṣe fẹ́ yà sí ìsọ̀ ríwáyà, táyà iwájú já sínú gọ́tà, ọkọ̀ fà sẹ́yìn, ó sì kú. Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ènìyàn máa yọ̀ nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa bàjẹ́ lójú ẹni tó lè tún un ṣe.

Ríwáyà náà jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìlú olómi kan ní Delta. Yorùbá rẹ̀ já geere, àfi bí nǹkan bá yà á lẹ́nu ló máa ń bọ́ sínú Pidgin. Kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bi mí ní ìbéèrè kan.

“Sístà, ṣé sìkìríìtì wà nínú ọkọ̀ yìí?”

Sìkìríìtì ni súwíìṣì kékeré tí àwọn ará Èkó máa ń fi pamọ́ síbì kan nínú ọkọ̀ láti gé iná tó ń lọ sí pọ́ǹpù epo. Olè lè rí ẹ́ńjìnnì ta jí, ṣùgbọ́n kò ní rìn jìnnà tí epo tó kù nínú páìpù á fi tán, ọkọ̀ á sì kú mọ́ ọn nídìí. Ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló máa ń mọ ibi tó wà.

Mo ní rárá, kò sí. Ọkàn mi mọ́ nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti jókòó sórí táyà àtijọ́ kan, ó ń wo obìnrin tó ń ta omi tútù ní òdìkejì títì bí ẹni pé ó ń ka ìròyìn lójú rẹ̀.

Ríwáyà bẹ̀rẹ̀. Ó yọ fíùsì pọ́ǹpù, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní kò jó. Ó fọwọ́ lé rìlé, àpótí dúdú kékeré tó máa ń ṣí ọ̀nà fún iná, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Rìlé dún kẹ́ẹ́ bó ṣe yẹ. Ó mú gílóòbù kékeré kan tó ti so wáyà méjì mọ́, ó fi ẹnu ọ̀kan kan irin ọkọ̀, ó fi èkejì kan ibi tí iná ti ń jáde lára rìlé. Gílóòbù tàn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, ó yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lórí pọ́ǹpù, ó fi gílóòbù kan ẹnu rẹ̀. Kò tàn. Ó yẹ wáyà tó ń dá iná padà wò, ìyẹn dára. Ó tún gbé gílóòbù padà síwájú, ó tún tàn. Iná náà kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń yí i lọ tí mo ń yí i bọ̀, oòrùn ń pa mí láti ojú gíláàsì, ríwáyà ń kígbe “Tún un yí”, ọwọ́ mi sì ti ń dùn mí. Láàárín gbogbo èyí, bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó jẹ́ pé bí mo bá ń se ìrẹsì nílé, á dìde láti yàrá wá sọ iye omi tó yẹ kí n bù sí i.

Ríwáyà na ara, ó nu ọwọ́. “Pọ́ǹpù tí wọ́n pààrọ̀ fún yín, kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹni tó yọ ọ́, Ọlọ́run á bi í. Iná kúrò níbí, kò dé ọ̀hún. Àárín ọ̀nà ló ti ń sọnù.”

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Òun lè tú àwọn ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, kí òun tọ wáyà náà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí òun á fi rí ibi tó ti já. Tàbí kí òun pa wáyà àtijọ́ tì, kí òun fa tuntun tààrà láti ara rìlé dé orí pọ́ǹpù. Ó ní èyí yá jù, kò sì ní í pẹ́ tí a ó fi máa lọ sílé. Mo ní kó fa tuntun. N kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ọjọ́ Ajé ni mo ń rí lójú mi.

Bàbá mi dìde lórí táyà. “Ẹ má fa wáyà kankan sínú ọkọ̀ mi.”

A wò ó. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan tó dé. Ríwáyà ní ó dáa, òun á tú ìjókòó nígbà náà. Bàbá mi ní kó má tú ìjókòó. Mo ní ó kéré tán kó jẹ́ kí wọ́n ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹni tó bá ṣí kápẹ́ẹ̀tì òun á rí ìjà òun.

“Bàbá,” ni ríwáyà wí, “ṣé kí n gbàdúrà sí i ni?”

Obìnrin olómi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ẹkún ni yóò jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. N kò fẹ́ sunkún ní ìsọ̀ ríwáyà. Mo dúró, mo ń ká ìka mi mọ́ra wọn.

Ríwáyà wo bàbá mi, ó wò mí, ó tún wo ọkọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé gílóòbù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ah. Na so,” ni ó wí. “Sístà, ẹ bá Dádì sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Èmi fẹ́ lọ jẹ búrẹ́dì. Mi ò ní í wẹ̀yìn.”

Ó fa àpótí kan lọ sí ìdí igi, ó sì kẹ̀yìn sí wa. Ìgbà náà ni mo tó rí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, láti orí ìjókòó àràárọ̀ títí dé orí fèrèsé ìrọ̀lẹ́. Àdúrà kọ́ ni bàbá mi ń gbà. Súwíìṣì ló ń tàn láàárọ̀ tó sì ń pa nírọ̀lẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ yẹn. Kí n sọ òtítọ́, àdúrà tí kò gbà fún mi yẹn dùn mí ju súwíìṣì náà lọ.

A wọ inú ọkọ̀. Ó ní kí n ti gbogbo fèrèsé. Ooru mú débi pé aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

“Dádì, ibo ló wà?”

“Kí ni?”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó ń ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ìka rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà tí irin kan já lé e ní Kirikiri. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé wọ́n jí ọkọ̀ náà gbé ní Marine Beach nígbà tí mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyẹn. Ó ní sìkìríìtì wà nínú ìyẹn náà. Ó ní òun fi ibi tó wà han ọ̀rẹ́ òun kan tí àwọn jọ ń ru ẹrù, tí àwọn jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kó lè máa bá òun wa ọkọ̀ bí ara bá ti rẹ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ náà lọ.

“Òun ló gbé e?” ni mo bi í.

“Mi ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Ká ní mi ò sọ fún un ni, mi ò ní í máa fura sí i. Mo rò ó sí i títí a ò fi kí ara wa mọ́.” Ó wo iwájú. “Mi ò fẹ́ rò ó sí ìwọ.”

Mo ní láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi, nítorí ohun méjì ló ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ̀ mí lára, ó sì tún bí mi nínú. Ó wọ̀ mí lára nítorí ó ti gbà láti máa jí kí n tó jí, lójoojúmọ́, kó má baà ní ìdí láti fura sí mi. Ó bí mi nínú nítorí ohun kan náà yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ ń tàn án láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ lẹ ń pa á. Ìyẹn ni pé ní Apapa, níbi tí mo ń gbé e sí, ó wà ní títàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ajégúnlẹ̀ nìkan lẹ ń ṣọ́ ọ.”

Ó ronú sí i. “Ọ̀sán ni, ní Apapa.”

“Ṣé kò sí olè ọ̀sán ni?”

Ọkùnrin tó lo ìgbésí ayé rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù, tó máa ń sọ fún wa bí odidi àpò ìrẹsì ṣe ń pòórá lọ́sàn-án gangan, ló wá ń fi ìka nu eruku ojú gíláàsì.

“Bí wọ́n bá wá gbé e,” ló sọ nígbẹ̀yìn, “tí mo bá rò ó sí ẹ ńkọ́?”

“Kí ẹ rò ó. Inú ilé kan náà ni màá wà, ẹ ó máa bi mí, màá sì máa dáhùn. Ó sàn fún mi ju kí n jókòó sílé láì níṣẹ́ lọ.”

Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó sì tì í sí ibì kan tí n kò ní í kọ síbí. Mo kan súwíìṣì náà. Ó ti dẹ̀, ó ń mì bí eyín ọmọdé. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, mo yí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ọwọ́ kejì, pọ́ǹpù sì kùn wùùn láti ẹ̀yìn. Mo jù ú sílẹ̀, mo gbá ojú pátákó iwájú ọkọ̀ díẹ̀ bí ẹni pé a kó sí kòtò, mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Kò kùn. Gbogbo kòtò Apapa tí mo ti ń bú láti ìgbà yìí kò ṣe ju pé wọ́n ń mi súwíìṣì kan tó ti gbó lọ.

Mo pe ríwáyà. Ó wá, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó sì na súwíìṣì tuntun àti sukudiráfà sí mi láti ojú fèrèsé láìbojú wolé. Ó ní kò sí ríwáyà gidi tó máa ń fẹ́ mọ ibi tó wà, nítorí bí ọkọ̀ bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ó tú bátìrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi láti ìta bí ẹni tó ń bá igi fúrúùtù sọ̀rọ̀. Ó ní wáyà méjì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tún tàbí òsì, kí n ṣáà ti dè wọ́n le. Ó bi mí bóyá mo ti dè é, mo ní mo ti dè é. Ó ní kí n fà á wò. Mo fà á, ó yọ sí mi lọ́wọ́. Bàbá mi ní bí mo ṣe máa ń wé gèlè fún ìyá mi nìyẹn, kì í pẹ́ tú. Mo fẹ́ sọ fún un pé ká ní ó ti sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ilé ni à bá wà, mo sì gbé e mì. Òógùn ń kán sí mi lójú, ọrùn mi ti lọ́, àwọn ènìyàn méjì ló ń tọ́ mi sọ́nà, tí ọ̀kan kò wo ohun tí mo ń ṣe, tí èkejì kò sì rí i dáadáa. Síbẹ̀ mo dè é. Ríwáyà ní súwíìṣì yìí yàtọ̀ sí tàtijọ́: bí a bá tẹ̀ ẹ́, á tàn, bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, á kú. Ó so bátìrì padà. Pọ́ǹpù kùn. A wakọ̀ gba inú gọ́tà náà lọ, a tún gba inú rẹ̀ bọ̀, kò kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jáde ní kùtùkùtù, mo na ọwọ́ síbẹ̀, mo tẹ súwíìṣì fúnra mi. Mo jókòó díẹ̀ láti gbádùn rẹ̀, nítorí ó dà bíi pé mo ti di ẹni tí a lè fi nǹkan lé lọ́wọ́. Mo padà wọlé lọ mú báàgì mi. Nígbà tí mo tún jáde, bàbá mi ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní kí n máa lọ láyọ̀, mo ní ẹ ṣé sà. Ara mi balẹ̀ jù láti ronú nǹkan kan.

Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe bọ́ sí ojú títì, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín, ó sì dákẹ́. Tírélà kan wà lẹ́yìn mi.

Mo gbé orí lé sítíárìn. N kò bínú, n kò sunkún, ó kàn sú mi tọkàntọkàn, bí iṣẹ́ ilé ṣe máa ń sú ènìyàn. Mo pe bàbá mi lórí fóònù.

“Dádì, ṣé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan láàárọ̀ yìí?”

“Mo tàn án fún ẹ.”

“Èmi ti tàn án kí ẹ tó dé ibẹ̀.”

Tírélà fọn fèrè.

“Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ tó ń gbọ́ wa?” ni ó bi mí.

Awakọ̀ tírélà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe ọkọ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé kò sí ẹnì kankan. Mo wá bẹ awakọ̀ náà pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo táyà ẹ̀yìn, ó dà bíi pé ó ń jò. Bó ṣe yíjú padà, mo na ọwọ́. Pọ́ǹpù kùn.

Ó padà wá, ó ní táyà mi kò ṣe nǹkan kan, ó sì wò mí bíi pé orí mi kò pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní kí n má wulẹ̀ jókòó, ìwé Tin Can ti wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo padà sínú ọkọ̀. Kí n tó yí kọ́kọ́rọ́, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì ti gbogbo fèrèsé.